Kí A Tó Wo Iná, Ẹ Jẹ́ Kí A Wo Òkúta: Bí Mo Ṣe Yan Tọ́ọ̀ṣì Àpò

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ kan nínú oṣù Keje, ìyá mi pè mí láti yàrá wọn pé kí n wá bá àwọn wo oògùn tí àwọn fẹ́ lò. Wọ́n ti mú iná lọ láti ìrọ̀lẹ́, a sì ti pa jẹnẹrétọ̀ ní aago mẹ́sàn-án, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe nínú ilé wa láti ìgbà tí ìjọba ti kéde, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Fóònù mi ti kú sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo fọwọ́ tá ràrà lórí tábìlì títí mo fi ba tọ́ọ̀ṣì kan tí mo rà ní oṣù mélòó kan ṣáájú, mo tẹ̀ ẹ́, ó sì tàn débi pé ìyá mi fi ọwọ́ bo ojú. Ìmọ́lẹ̀ náà funfun, ó sì fẹ́ máa ṣe bí aró. Hóró oògùn méjì ló wà ní àtẹ́lẹwọ́ wọn, ọ̀kan funfun, èkejì pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí inú ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n tán, ṣùgbọ́n lábẹ́ iná yẹn, àwọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ní lójú èmi àti lójú ìyá mi. A ṣì ń yí wọn síbìí yí wọn sọ́hùn-ún nígbà tí tọ́ọ̀ṣì náà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kú.

A jókòó sínú òkùnkùn títí ojúmọ́ fi mọ́. Àwọn àgbà ní òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀. Ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọ́n ti tọ́ ọmọ, wọ́n ti tọ́ ọmọ-ọmọ, ó sì dùn mí gan-an pé nínú ilé ọmọ wọn, wọ́n ní láti dúró de oòrùn kí wọ́n tó lè mọ oògùn tí wọ́n ń gbé mì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fara balẹ̀ kọ́ nípa nǹkan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń rà lẹ́bàá títì láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí mo rí ni pé ìmọ́lẹ̀ ni a fi ń yan tọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ òkúta rẹ̀ ló yẹ kí a kọ́kọ́ yàn. Mo ń lo òkúta gẹ́gẹ́ bí àwọn òbí wa ti ń lò ó, fún bátìrì tí a ń kì sínú rédíò àti tọ́ọ̀ṣì.

Ògùnpa, nílùú Ìbàdàn níbí, ni mo ti ra èyí tó já wa kulẹ̀. Ó jẹ́ irú èyí tó ní irin méjì nídìí, tí a ń fà yọ láti kì í bọ ihò iná ara ògiri. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi tàn án sí ògiri ilé tó wà ní òdìkejì títì ní ọ̀sán gangan, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo iná! Èyí á ríran dé Mápó.” Mo wò ó, mo rí i pé ó tàn lóòótọ́, mo sì san ₦4,000. N kò béèrè irú òkúta tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn alẹ́ tí mo sọ yẹn ni mo tó tú u, mo sì bá bátìrì olójèé kékeré kan níbẹ̀, 4 volt, tó jẹ́ ìran kan náà pẹ̀lú bátìrì ọkọ̀.

Bátìrì olójèé kì í ṣe nǹkan tuntun. Gaston Planté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣe é ní ọdún 1859, ó sì wúlò púpọ̀ níbi tí iná bá ti ń wọ inú rẹ̀ déédéé, bí inú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń fi iná kún un ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń rìn. Ohun tó kórìíra jù ni kí a lò ó tán kí a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá wà lófìfo fún ọjọ́ mélòó kan, iyọ̀ òjé á gan mọ́ àwọn àwo inú rẹ̀, agbára tó lè gbà á dín kù, kò sì ní padà sí bó ṣe wà mọ́. Ẹ wá ro irú ìgbésí ayé tí tọ́ọ̀ṣì ń gbé nínú ilé wa: ìgbà tí iná bá lọ fún ọjọ́ mẹ́ta la máa ń lò ó tán, ìgbà yẹn gan-an ni kò sì sí iná tí a ó fi kún un. Ní ọdún 2024 tí iná gbogbo orílẹ̀-èdè dojú dé ní ọ̀pọ̀ ìgbà, irú tọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ ń kú ní àsìkò tí a nílò rẹ̀ jù lọ ni.

Ewu kan tún wà níbẹ̀ tí n kò lè fò dá. Nínú ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ṣì olówó pọ́ọ́kú tó ní irin nídìí, kò sí tiransifọ́mà tó ya iná ògiri sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a ń dì mú; kàpásítọ̀ kékeré kan ló kàn ń dín iná náà kù. Nítorí náà, nígbà tó bá wà lára ògiri, iná 230 volt lè wà lára irin inú rẹ̀, bí ike ìdí rẹ̀ bá sì ti sán, iná lè gbé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án. Ẹ má ṣe tàn án nígbà tí ẹ bá ń fi iná sí i lọ́wọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn.

Irú kejì tó kún ọjà báyìí ni èyí tó ń lo bátìrì lithium, tí a ń fi okùn ṣájà fóònù fi iná sí. Mo gbà pé ó dára ju olójèé lọ fíìfíì. Èyí tí wọ́n ń pè ní 18650, tí orúkọ rẹ̀ wá láti ara ìwọ̀n rẹ̀, mílímítà 18 ní ìbú àti 65 ní gígùn, ń gbé agbára gidi. Ṣùgbọ́n irọ́ ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Mo ti rí èyí tí wọ́n kọ 9,900 mAh, ìyẹn ìwọ̀n iye iná tí bátìrì lè gbà, sí lára, bẹ́ẹ̀ ojúlówó tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń ṣe sábà máa ń wà láàárín 2,000 sí 3,500. Ọwọ́ lásán lè dá wọn mọ̀ díẹ̀, nítorí ojúlówó máa ń wúwo tó gíráàmù 45 sí 50, ọ̀pọ̀ ayédèrú a sì fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń gbé irú bátìrì yìí kiri láìsí nínú tọ́ọ̀ṣì kò gbọdọ̀ jù ú sínú àpò tí kọ́kọ́rọ́ wà, torí irin tó bá kan orí àti ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè mú un gbiná lára ènìyàn. Ohun tó sì mú mi yẹra fún un fún ìyá mi ni pé nínú ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ṣì tí owó rẹ̀ kò wọ́n, wọ́n ti dí bátìrì náà pa sínú. Bí bátìrì bá gbó lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, tọ́ọ̀ṣì náà gbó pẹ̀lú rẹ̀.

Òkúta tí mo wá fọkàn sí ni AA, èyí tí a ń fi sínú aago ara ògiri. Kò sí àdúgbò tí mo mọ̀ ní Ìbàdàn tí a kò ti lè rí i rà ní ìsọ̀ kékeré, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣáná àti ọṣẹ ìfọṣọ, títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ní abúlé pàápàá, wọ́n ń tà á. AAA, tí ọ̀pọ̀ rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ń lò, tín-ín-rín jù ú lọ, ó sì rọrùn láti kì bọ àpò, ṣùgbọ́n agbára inú rẹ̀ kò tó ìdajì ti AA. Bí iná bá lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó ní tọ́ọ̀ṣì AA kò ní láti bẹ ẹnikẹ́ni fún ṣájà.

Mo tún fẹ́ràn òkúta nítorí pé mo dàgbà pẹ̀lú rẹ̀. Òkúta ńlá mẹ́ta ni tọ́ọ̀ṣì irin bàbá mi ń gbé, ó sì wúwo tó ohun tí ènìyàn lè fi lé ajá. Nígbà tí iná rẹ̀ bá ti ń pọ́n bí ẹyin iná tó fẹ́ kú, bàbá mi á ní kí n kó òkúta náà síta kí n sá a sóòrùn, ní alẹ́ a sì tún tàn fún ìgbà díẹ̀, torí pé ooru a máa jí èyí tó ṣẹ́kù nínú èròjà rẹ̀. Èyí tó bá kú pátápátá, ilé ẹ̀kọ́ la ń gbé e lọ. A ó fọ́ ọ, a ó gún dúdú inú rẹ̀ mọ́ ewé, a ó sì fi kun pátákó ìkọ̀wé. N kò ní jẹ́ kí ọmọ mi fi ọwọ́ kan irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa dúdú fún ọjọ́ méjì, a sì yọ̀.

Àléébù òkúta ni pé ó ń ṣomi. Nínú irú èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, agolo síǹkì tó gbé e ró ni iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ díẹ̀díẹ̀ títí á fi lu. Nínú alkaline, irú tó wọ́n jù ú lọ, omi kíkorò kan tí wọ́n ń pè ní potassium hydroxide ló ń jò, tó sì ń gan funfun sára sípírìngì. Tọ́ọ̀ṣì tí a kò ní lò fún oṣù kan, kí a yọ òkúta rẹ̀ sílẹ̀. Bí alkaline bá ti jò, òwú tí a rì bọ inú fínígà díẹ̀ á nu ìdọ̀tí náà kúrò, kí a tó fi aṣọ gbígbẹ nu ún.

Ẹni tó la ojú mi sí ọ̀nà tó dára jù ni ayàwòrán kan ládùúgbò wa, tó ń ya fọ́tò níbi ìnáwó. AA tí a lè fi iná sí lẹ́ẹ̀kan sí i, èyí tí wọ́n ń pè ní NiMH, ni àwọn oníṣẹ́ fọ́tò ń fi sínú fíláàṣì wọn, òun ló sì mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ojúlówó. Tẹ́lẹ̀ rí, agbára irú òkúta bẹ́ẹ̀ a máa tán fúnra rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀ láìlò ó, ṣùgbọ́n láti ọdún 2005 tí iléeṣẹ́ Sanyo ti ilẹ̀ Japan gbé Eneloop jáde, a ti ń rí èyí tó lè wà nínú àpótí fún ọdún kan kí ọ̀pọ̀ agbára rẹ̀ sì ṣì wà níbẹ̀. Mo ra mẹ́rin àti ṣájà kan. Owó náà dùn mí lọ́jọ́ tí mo san án. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí wọ́n bá mú iná wá, bó ṣe wákàtí mẹ́ta péré, méjì á kún, méjì á wà nínú iṣẹ́, tí gbogbo rẹ̀ bá sì tán, ìsọ̀ ìyá tó ń ta ìṣáná ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yìn òkúta ni ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ kàn. Lumen ni wọ́n fi ń wọn gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lẹ́nu tọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ sì ni irọ́ pọ̀ sí jù lórí páálí. Ìṣirò kékeré ló tó láti mú un. Gílóòbù LED inú tọ́ọ̀ṣì tó dára máa ń mú nǹkan bíi lumen 100 jáde láti inú watt kan. Òkúta AA oní-NiMH tó jẹ́ 1.2 volt, 2,000 mAh, lè pèsè watt 2.4 fún wákàtí kan. Nítorí náà, lumen 100 á lò ó tán ní nǹkan bíi wákàtí méjì, lumen 10 á sì lò ó fún nǹkan bí ogún wákàtí. Bí páálí bá wá sọ pé tọ́ọ̀ṣì tó gùn bí ìka ń mú lumen 10,000 jáde, ohun tó ń sọ fún wa ni pé ó ń jẹ 100 watt, tí òkúta náà yóò sì tán ní ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀, bí òkúta bẹ́ẹ̀ bá tilẹ̀ lè tú agbára tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Kò lè tú u sílẹ̀.

Ìwọ̀n àkókò tí wọ́n ń kọ náà fẹ́ ìtumọ̀. Àwọn tó ń ṣe tọ́ọ̀ṣì ní Amẹ́ríkà fẹnu kò sórí ìlànà kan ní ọdún 2009, ANSI FL1 ni wọ́n ń pè é, ẹni tó bá sì rí i lára páálí lè retí pé ìlànà yẹn ni wọ́n fi wọn nǹkan náà. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ìlànà yẹn, iye wákàtí tí a kọ ni ìgbà tí iná náà fi dín kù dé ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tó jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì lè tàn gbòò fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ó wálẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́ta, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí méjì, wọn á sì kọ wákàtí méjì tọkàntọkàn.

Níbi tí èmi àti ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kò ti fẹnu kò ni pé iná tó kéré jù nínú tọ́ọ̀ṣì ni mo ń béèrè ní àkọ́kọ́. Ojú ènìyàn nílò nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n kí ó tó mọ́ òkùnkùn lára dáadáa, iná líle kan ṣoṣo sì ń fọ́ gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Lumen 1 tó láti fi wá sálúbàtà lábẹ́ ibùsùn tàbí láti wo ọmọ tó sùn nínú nẹ́ẹ̀tì láìjí i. Lumen 5 sí 10 tó láti ka ìwé kékeré ara ìgò oògùn tàbí láti rí ihò kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó bá ń rìn ní òru lẹ́yìn òjò, níbi tí gọ́tà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí ejò sì lè ti wọ ojú ọ̀nà, nílò 50 sí 100, kó sì jẹ́ iná tó fẹ̀ sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ dípò èyí tó ṣù jọ sí ọ̀ọ́kán. Èyí tó bá ju 200 lọ, n kò rí iṣẹ́ rẹ̀ nínú àpò ẹni tí kì í ṣe ọdẹ. Ojú wa kì í tilẹ̀ ka ìlọ́po méjì lumen sí ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìlọ́po mẹ́rin kí ó tó rí bẹ́ẹ̀ lójú ẹni.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló wá kan ìyá mi gbọ̀ngbọ̀n. LED tí a ń rí ní funfun kì í ṣe funfun láti ìpilẹ̀. Aláwọ̀ búlúù ni, èyí tí Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura gba ẹ̀bùn Nobel ti Físíìsì lé lórí ní ọdún 2014, ìyẹ̀fun tó ń tàn ní àwọ̀ ìyeyè tí wọ́n fi bò ó ló sì ń sọ ọ́ di funfun lójú wa. Níbi tí wọ́n bá ti lo ìyẹ̀fun tí kò dára tàbí tí kò pọ̀ tó, búlúù á pọ̀ jù, pupa kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ìmọ́lẹ̀ náà. Ohun tó bá pupa fẹ́ẹ́rẹ́ á wá di eérú tàbí funfun. Bí hóró oògùn méjì ṣe di ọ̀kan náà ní àtẹ́lẹwọ́ ìyá mi nìyẹn. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n ń pè ní CRI, tó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń fi àwọ̀ hàn dáadáa sí, tí 100 jẹ́ òpin rẹ̀: nǹkan bí 70 ni ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ṣì, èyí tó bá sì lé ní 90 máa ń fi àwọ̀ hàn bí ọ̀sán ṣe ń fi í hàn. Páálí tọ́ọ̀ṣì ọjà wa kì í sábà kọ ọ́. Àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi ń dán an wò: ẹ tàn án sí àtẹ́lẹwọ́ yín, bó bá rí bí ọwọ́ òkú, ẹ dá a padà.

Síwíìṣì náà ṣe pàtàkì ju bí mo ti rò lọ. Ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ṣì ní iná márùn-ún, tí ọ̀kan ń ṣẹ́jú wárawára bí iná ọkọ̀ ọlọ́pàá, a sì ní láti tẹ gbogbo wọn kọjá kí a tó pa á. Àgbàlagbà tó jí lójú oorun kò yẹ fún irú ìyà bẹ́ẹ̀. Iná méjì, tàbí mẹ́ta ní púpọ̀ jù, kí ó sì jẹ́ pé èyí tó kéré jù ló ń kọ́kọ́ tàn. Olight i3T tó ń lo AAA kan ni mo rí tó ṣe é bẹ́ẹ̀, lumen 5 ṣáájú, 180 tẹ̀lé e. Ó wù mí, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe owó kékeré mọ́ nígbà tó bá fi máa dé Nàìjíríà. Ní ti ara rẹ̀, alumíníọ̀mù dára ju ike lọ, kí róbà pélébé sì wà lọ́rùn ìdérí rẹ̀ kí omi má bàa wọlé. Èyí tí ẹnu rẹ̀ ń yọ síwá sẹ́yìn láti sọ iná di tóóró, mi ò rà á mọ́, torí ẹnu tó ń yọ bẹ́ẹ̀ ni omi òjò máa ń gbà wọlé.

Nígbà tí mo padà lọ sọ́jà, mo mú hóró oògùn méjèèjì dání nínú ọ̀rá kékeré. Mo bẹ àwọn ọlọ́jà pé kí wọ́n jẹ́ kí n wọ ẹ̀yìn ìsọ̀ wọn níbi tó ṣókùnkùn, mo tẹ́ ìwé funfun sílẹ̀, mo sì ń tan tọ́ọ̀ṣì lé oògùn náà lórí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá kan tó ni ìsọ̀ bi mí léèrè pé, “Ọmọ mi, kí lò ń wá gan-an?” Nígbà tí mo ṣàlàyé fún wọn, wọ́n fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kó èyí tó wà nínú àpótí jáde, wọ́n sì sọ pé àwọn náà ní oògùn tí àwọn ń lò ní òru. Tọ́ọ̀ṣì kẹsàn-án ló fi pupa hàn ní pupa. Iná rẹ̀ rọ̀, ó pọ́n díẹ̀ bí iná àtùpà, òkúta AA kan ló ń gbé, iná méjì ló ní, kò sì sí orúkọ iléeṣẹ́ kankan lára rẹ̀. ₦6,500 ni mo san. Mo ra méjì.

Ìyá mi so okùn pupa mọ́ tiwọn, wọ́n sì fi kọ́ ìṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn. Ní òru ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, tí iná tún ti lọ, mo jí ní nǹkan bí aago mẹ́rin, mo gbọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Iná pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ kan yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn wọn. Mo gbọ́ ìró ọ̀rá oògùn, mo gbọ́ ìró ife omi lórí tábìlì, lẹ́yìn náà iná náà kú. Wọn kò pè mí.